Bàbá Tó Wà Nínú Ìwé

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejìlá ọdún 2023, Lọ̀tífù kú ní ilẹ̀ Mòrókò. Ó ń sọdá títì lọ sí yunifásítì nígbà tí ọkọ̀ gbá a. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Àwọn ọmọ Tógò tí wọ́n jọ ń kàwé ló wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n kírun sí i lára, tí wọ́n sì sin ín síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n ránṣẹ́ láti bírò kan ní Sokodé pé ẹrù rẹ̀ ti dé, kí bàbá rẹ̀ wá gbà á.

Sàká wọ ẹ̀wù funfun tó fi ń kírun ọdún. Sùlè, tó ń fi alùpùpù gbé èrò, ló gbé e láti Kambolé láàárọ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ti ba ojú ọ̀nà jẹ́.

"Bàbá Lọ̀tífù, ẹ dì mí mú o. Ọ̀nà yìí kò mọ àgbà, kò mọ ọmọdé."

Sàká dì í mú. Ó ti lé lógún ọdún tí ẹnikẹ́ni ti pè é ní Sàká ní Kambolé. Bàbá Lọ̀tífù ni wọ́n ń pè é lóko, ní mọ́sálásí, níbi tí wọ́n ti ń ra iṣu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gba ọmọ náà sí òkè òkun láti kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn tí kì í kí i tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà sílé rẹ̀. Kódà ní Tchamba, níbi tí wọ́n ti dúró ra epo, obìnrin elépo mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

"Bàbá Lọ̀tífù, ẹ kú àmúmọ́ra," ó ní.

Ìdírísù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà bírò náà. Olùkọ́ ni Ìdírísù ní Sokodé kó tó fẹ̀yìn tì. Ó di ìwé ìbí Lọ̀tífù mú nínú ọ̀rá.

"O jẹun kí o tó kúrò nílé?"

"Mo jẹun, ẹ̀gbọ́n."

Kò jẹun.

Ọkùnrin kan wà níwájú wọn tí orúkọ inú ìwé rẹ̀ kò bá ti káàdì rẹ̀ mu. Obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì ní kó lọ sí kóòtù. Ó ní ẹrù ọkùnrin náà yóò padà sí Lomé títí tí ìwé rẹ̀ yóò fi tọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè.

"Bàbá Lọ̀tífù," ó ní lédè Faransé.

Sàká ti dé iwájú tábìlì kó tó rántí ìwé ìbí náà. Obìnrin náà gba káàdì rẹ̀, ó wò ó, ó wo ìwé ìbí tí Ìdírísù gbé síwájú rẹ̀.

"Sàká ló wà níhìn-ín. Ìdírísù ló wà nínú ìwé ìbí. Ta ni bàbá ọmọ nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Lọ̀tífù nígbà tí wọ́n ṣe ìwé náà. Ilé-ẹ̀kọ́ ní Sokodé kò gba ọmọ tí kò ní ìwé ìbí. Ìdírísù ní kí wọ́n ṣe é lórúkọ òun, nítorí ọ̀dọ̀ òun ni ọmọ yóò máa gbé, ìjọba yóò sì máa fi nǹkan kún owó oṣù òun nítorí rẹ̀, tí òun yóò fi máa ra ìwé àti bàtà fún un. Ó sì ń rà á. Sàká kò janpata. "Ìwé lásán ni," ó ní nígbà náà. "Ta ni kò mọ bàbá ọmọ?"

Lọ́dún náà gan-an, ó ru iṣu lọ kí ọmọ náà nílé-ẹ̀kọ́. Ọmọ kan bi Lọ̀tífù lẹ́nu géètì pé ta nìyí. Lọ̀tífù kọ́kọ́ wo ojú bàbá rẹ̀, lẹ́yìn náà ló dáhùn pé àbúrò bàbá òun ni. Sàká rẹ́rìn-ín. Ó ra àkàrà dídùn fún un. "O ṣe dáadáa," ó ní.

"Sàká." Ìdírísù rọra ń sọ ọ́ ní Yorùbá. "Bí o bá fẹ́ sọ ọ́, sọ ọ́. Mi ò ní bínú."

Sàká wo àpótí Lọ̀tífù tó wà lẹ́yìn obìnrin náà. Òun ló rù ú dé ibùdókọ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ ń lọ. Ó rántí Fáòsíátù ìyàwó rẹ̀, tó ti gbá igun yàrá láti àná de ẹrù ọmọ rẹ̀.

"Àbúrò bàbá rẹ̀ ni mí," ó ní.

Ojú obìnrin náà rọ̀. Ó ní kí Ìdírísù fọwọ́ sí ibi tí wọ́n kọ bàbá sí, kí Sàká fọwọ́ sí ibi tí wọ́n kọ ẹlẹ́rìí sí. Ó wá kọjú sí Ìdírísù nìkan.

"Kí Ọlọ́run tù yín nínú, bàbá."

Ìdírísù tẹrí ba. Sàká ló ṣe àmín.

Wọ́n ti kírun àlàásárì tán nígbà tó dé Kambolé. Fáòsíátù tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún àpótí náà.

"Ṣé wọn ò yọ yín lẹ́nu, Bàbá Lọ̀tífù?"

"Wọn ò yọ mí lẹ́nu."

"Ẹ fọwọ́ sí i?"

"Mo fọwọ́ sí i."

Àkọsílẹ̀ ẹrù náà wà lókè nínú àpótí, ní Faransé. Fáòsíátù kò mọ̀wé. Ó ní kí ọkọ òun máa kà á, kí òun máa kó wọn jáde. Sàká ka gbogbo rẹ̀ fún un, àfi èyí tó kẹ́yìn.

Kóòtù òtútù kan, dúdú, bọ́tìnnì kan ti já.

Ṣòkòtò mẹ́ta, ẹ̀wù márùn-ún.

Bàtà kan, gìgísẹ̀ ọ̀tún ti jẹ.

Ẹní ìkírun.

Ìwé ìṣirò mẹ́fà.

Èlùbọ́ nínú ọ̀rá, ó ku díẹ̀ nísàlẹ̀, okùn tí Fáòsíátù fi dì í ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Fọ́tò kan: Sàká láàárín ebè iṣu, ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Káàdì yunifásítì. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí kí wọ́n pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀: Sàká, Kambolé. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí ẹni náà jẹ́ fún un, Lọ̀tífù fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́: àbúrò bàbá mi.