Àwa Kì í Ta Sàrétà

Iṣẹ́ tí Olúkẹ́mi fi ń jẹun ni pé kó máa lé olówó sẹ́yìn. Láràárọ̀ ló ń kúrò nílé rẹ̀ ní Ṣàpọ́n, á wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó, á bọ́ sálúbàtà, á ti ẹsẹ̀ bọ bàtà gogoro, á wá dúró láàárín àwọn ọkọ̀ tí owó ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn lè ra odidi àdúgbò kan. Bí oníbàárà bá wọlé, á fi ẹ̀rín pàdé rẹ̀, á sì fi ẹ̀rín náà lé e jáde.

Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Herbert, ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá ni Herbert, àmọ́ ìlú òyìnbó ló ti dàgbà. Bó bá gbé Yorùbá sẹ́nu, ńṣe ló ń yí i kiri bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Òfin rẹ̀ kò le. Bí ènìyàn bá béèrè Sàrétà, sọ fún un pé kò sí. Bó bá tún béèrè, sọ fún un pé ó wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún gbogbo ayé. Bó bá bínú, ó ti rà á nìyẹn, òun nìkan ni kò tíì mọ̀.

Ọkọ̀ eré ni Sàrétà ọ̀hún. Àádọ́rùn-ún péré ni àwọn ará Ítálì máa rọ kí wọ́n tó paná ìléru rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló sì kan gbogbo Nàìjíríà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ra jíìpù méjì lọ́wọ́ Herbert, kó lè di ẹni wọn. Wọ́n á wádìí rẹ̀. Á tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní gbé e tà kí ọdún méjì tó pé. Ìgbà náà ni á tó san bílíọ̀nù méjì náírà tí ilé iṣẹ́ dá lé e, á sì tún fi igba mílíọ̀nù lé e. Igba mílíọ̀nù yìí, inú àpò ìwé ọ̀tọ̀ ló ń wà o, nítorí àwọn ará Ítálì ti kìlọ̀ pé alágbàtà kankan kò gbọdọ̀ fi kọ́bọ̀ lé iye tí àwọn dá. Herbert kò pè é ní èlé. "Ìmọrírì" ló ń pè é.

Ohun kan ló ń ká Olúkẹ́mi lára. Ó mọ oníbàárà lé dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lé kì í padà wá. Láti ìgbà tó ti débẹ̀, kò tíì ta ọkọ̀ kan. Herbert sì ti pè é sí yàrá.

"Kẹ́mi, bí Sàrétà yìí bá lọ lóṣù yìí, o dúró. Bí Sàrétà bá dúró, ìwọ lo máa lọ."

Owó ilé ìwé ọmọ méjì àti owó ilé ní Ṣàpọ́n ló wà lórí gbólóhùn kékeré yẹn.

Àfi bí Síkírù Ògúnṣẹ̀san ṣe pè. Ọ̀gbẹ́ni yìí ló ni ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lẹ́yìn Kọ́bapẹ́. Nínú àwọn ilé tó wà lójú ọ̀nà Ṣágámù, ìwọ̀nba ni èyí tí òkúta Síkírù kò sí ní ìpìlẹ̀ rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé Sàrétà kan wà lọ́wọ́ yín."

"Kò sí, sà."

"Àwòrán rẹ̀ ni mò ń wò lórí fóònù yìí. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ẹ fẹ̀yìn tì í."

"Ó wà, sà. Ṣùgbọ́n àwa kì í ta Sàrétà."

"Kí lẹ wá ń fi ṣe? Ẹ̀ ń sìn ín ni?"

"Ẹni tí a máa fún là ń yàn, sà. A máa wádìí yín. A máa wo bí ẹ ṣe ń tọ́jú àwọn tó ti wà nílé yín tẹ́lẹ̀. Bí a bá sì fún yín, ẹ kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn."

Olúkẹ́mi ní lọ́kàn ara rẹ̀, ó parí, mo ti tún lé eléyìí náà lọ.

"Ó yé mi," ni Síkírù wí, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀ bí ohùn ẹni tó wà níwájú àgbà. "Níbo la ti máa rí yín?"

Olúkẹ́mi ka iye ilé iṣẹ́ àti ti ìmọrírì fún un, ó ní lọ́jọ́ Sátidé, nínú àgbàlá òtẹ́ẹ̀lì kan ní Òkè-Ìlẹ̀wó, l'Abẹ́òkúta, Herbert máa gbé Sàrétà wá kí àwọn olówó Ẹ̀gbá lè fojú rí i. Òyìnbó kan máa ti Ítálì wá láti mọ irú ẹni tí ọkọ̀ náà ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ máa retí wa," ni Síkírù wí.

"Wa" ni ó wí o. Olúkẹ́mi gbọ́ ọ, kò kà á sí.

Sátidé dé. Wọ́n da ṣẹ́dà funfun bo Sàrétà láti orí dé táyà. Wọ́n da aṣọ bo jíìpù méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òyìnbó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Herbert wọ kóòtù nínú oòrùn, ó ń làágùn bí ẹni gun Olúmọ. Kàkà kí ọkọ̀ olówó kan rọra yọ sí géètì, típà akóòkúta ló kọ́kọ́ sún mọ́ ọn. Iṣu ló kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ewúrẹ́ kan dúró lórí iṣu, ó ń wo Herbert. Bọ́ọ̀sì méjì tẹ̀ lé e, àwọn àgbààgbà sì ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú oyin, iyọ̀ àti orógbó lórí àwo. Síkírù fúnra rẹ̀ jáde nínú agbádá funfun. Ó rìn tààrà lọ síwájú Herbert, ó sì nà gbalaja sílẹ̀.

"Omi!" Herbert figbe ta. "Ó ti dákú! Ẹ bu omi wá!"

"Kò dákú," ni ìyá arúgbó kúkúrú kan dá a lóhùn. Àlhájà Fàòsíyà ni, ìyá Síkírù. "Ó ń kí àna rẹ̀ ni."

Bàbá Ṣàngówùmí, ẹ̀gbọ́n bàbá Síkírù, àgbẹ̀ láti abúlé kan lẹ́yìn Owódé, ṣí fìlà. "Ẹ̀yin onílé, a kí yín o. A ò wá bá yín jà, a ò sì ṣìnà. Ohun rere kan ló wà lọ́dọ̀ yín tó gba ọmọ wa lóorun."

Àlhájà rọra yí sí Olúkẹ́mi. "Ìwọ lo bá Síkírù sọ̀rọ̀, àbí? Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Mo ní, Síkírù, ilé tó ní òun kì í ta nǹkan òun, tó fẹ́ mọ bó o ṣe ń tọ́jú èyí tó wà nílé, tó ní o kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn, ilé ọmọlúàbí nìyẹn. Ènìyàn kì í dá nìkan lọ sírú ilé bẹ́ẹ̀."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Herbert fa Olúkẹ́mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kẹ́mi, ewúrẹ́ yìí ńkọ́? Ta ló pe ewúrẹ́?"

Kí ni kó ṣe? Bó bá sọ fún wọn pé wọ́n ṣì í gbọ́, ojú á ti odidi ẹbí kan níwájú òyìnbó, wọ́n á kó iṣu wọn padà, Sàrétà á dúró, òun á sì lọ. Olúkẹ́mi bọ́ bàtà gogoro. Ó já ṣẹ́dà pupa tí wọ́n so mọ́ iwájú jíìpù, ó fi gbàjá mọ́ ìdí.

"Ta ló ní kí ẹ wọlé?" ló fi igbe bọnu. "Irú ìkíni wo nìyẹn? Ṣé báyìí lẹ ṣe ń kí onílé ní Owódé? Ẹ padà sẹ́nu géètì, gbogbo yín!"

Herbert di orí mú. Ṣùgbọ́n inú àwọn àgbààgbà dùn, àfi bí ẹni pé wọ́n fún wọn lówó. "A dúpẹ́ o! Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe!" Wọ́n padà sẹ́nu géètì, wọ́n tún kí i wọlé. Ó tún lé wọn padà. Àṣé lílé tí wọ́n kọ́ ọ l'Ékòó kò ṣòfò. Òyìnbó ń ya fọ́tò, ó ń sọ fún Herbert pé láti ìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun kò tíì rí oníbàárà tí gbogbo ẹbí rẹ̀ dúró tì í báyìí.

Herbert rántí òfin rẹ̀: jíìpù ni àkọ́kọ́. Ó ṣí aṣọ lórí ọ̀kan.

Ẹ̀rín bú sẹ́nu gbogbo wọn. "Kì í ṣe èyí!"

Ó ṣí ìkejì.

"Kì í ṣe èyí náà! Ẹ mú tiwa jáde!" Bàbá Ṣàngówùmí fọwọ́ gbá itan. "Ẹ máa dán wa wò, a mọ ìyàwó wa!"

Ilé ìyàwó wo ni kì í kọ́kọ́ mú ẹlòmíràn jáde fún àna, kí wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀? Ọgbọ́n tí Herbert ti fi ta jíìpù káàkiri Èkó kú sójú rẹ̀ láàárín ẹ̀rín. Ó fa ṣẹ́dà kúrò lórí Sàrétà.

Ọkọ̀ náà dúdú, ó ń dán bí ẹja àrọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lódò. Ó lẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ fi ń wo òrùlé rẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́, òkè ló ń gbéra sí bí apá ẹyẹ. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́yìn nínú gíláàsì, ihò ẹrù wà níwájú, kò sì gbà ju bàtà méjì lọ. Àlhájà yí i po.

"Ẹ̀rọ wà lẹ́yìn, ẹrù wà níwájú. Ta ló bí èyí?"

"Àwọn ará Ítálì ni, mà," ni Olúkẹ́mi dáhùn.

"Wọn ò ní ìyá ọkọ lọ́hùn-ún ni? Iṣu ọkọ ńkọ́, níbo ló máa gbé e sí?" Ó ti ìdí bọ inú rẹ̀. Ó jókòó. Ó rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ dìde, kò lè dìde. Síkírù fa ọwọ́ kan, Bàbá Ṣàngówùmí fa ìkejì, Àlhájà ṣì wà níbẹ̀. "Ẹ fi mí sílẹ̀," ni ó wí. "Mo ti gbà á. Ìyàwó tó di ìyá ọkọ rẹ̀ mú tó báyìí, kò ní kọ ọmọ mi."

Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ tán, àwo dé. Àpò ìwé méjì ló wà lórí rẹ̀, ìwé owó báńkì ló wà nínú wọn: èyí tó nípọn fún iye ilé iṣẹ́, tínínrín fún ìmọrírì. Bàbá Ṣàngówùmí gbé e kalẹ̀. "Owó orí ìyàwó wa rèé. A ò ná an, a kì í ná ọmọ ènìyàn."

Herbert gbé méjèèjì, ó tì wọ́n bọ àpò àyà.

Ẹ̀rín tán. Wọ́n ń wo Herbert, Herbert ń wo wọn. Ewúrẹ́ ń jẹ ìdí ṣẹ́dà.

"Ó gbà á pátápátá?" Bàbá Ṣàngówùmí yí sí Olúkẹ́mi. "Ìyáàfin, a mọ̀ pé ọkọ̀ lówó lórí, a kì í ṣe ọmọdé. Ṣùgbọ́n ilé ọmọlúàbí máa ń dá owó padà lé àna lọ́wọ́, wọ́n á ní àwọn ò ta ọmọ. Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fẹ́nu ara yín pé ẹ kì í tà?" Ó dé fìlà rẹ̀. "Ẹ kó iṣu sínú típà. Ọjà ni wọ́n ń tà níbí, kì í ṣe ọmọ."

Síkírù ti ń ká agbádá sí èjìká. Ọkùnrin kan ti na ọwọ́ sí okùn ewúrẹ́. Olúkẹ́mi rí iṣẹ́ rẹ̀ tó ń bá iṣu gun típà lọ.

Ó ki ọwọ́ bọ àpò àyà ọ̀gá rẹ̀. Ó yọ àpò ìwé tínínrín, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ síwájú Àlhájà Fàòsíyà. "Ìyá wa, ẹ gba owó yín. Àwa kì í ta ọmọ wa. Ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀ ni."

Herbert la ẹnu. Kí ó tó sọ̀rọ̀, òyìnbó bi í pé kí ló wà nínú àpò ìwé yẹn. Herbert wo òyìnbó. Ó wo igba mílíọ̀nù. Ó wo ewúrẹ́. Ó ní, "Káàdì ìkíni ni."

Hòó! Ariwo sọ. Bàbá Ṣàngówùmí dì mọ́ Herbert, ó gbé e kúrò nílẹ̀. Wọ́n fọwọ́ síwèé, wọ́n yà á ní fọ́tò. Ó ku kí ìyàwó máa lọ ilé ọkọ. Bàbá Ṣàngówùmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ ti ìkúùkù bọ abẹ́ Sàrétà. Ìkúùkù kò wọlé.

"Síkírù, ọ̀nà òkúta rẹ yẹn, inú rẹ̀ lo fẹ́ wọ́ èyí gbà?"

Síkírù họ orí. Àlhájà wo àpò ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Ìyàwó kì í dá nìkan wọ ilé ọkọ. Àwọn ọmọbìnrin méjì tí ẹ kọ́kọ́ mú jáde, tí a fi rẹ́rìn-ín, wọ́n ga, ẹsẹ̀ wọn sì le. Èló ni wọ́n?"

"Ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ni ọ̀kan, mà," ni Olúkẹ́mi wí.

"Owó tí àna bá dá padà, a kì í gbé e sùn." Àlhájà na àpò ìwé sí Herbert. "Kí wọ́n sìn ín lọ. Já rìsíìtì fún mi, ọmọ mi."

Sàrétà gun ẹ̀yìn tírélà tó gbé e wá lọ sí Kọ́bapẹ́, táyà rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Àlhájà wà nínú jíìpù níwájú, ó jókòó gangan nínú atẹ́gùn tútù. Òyìnbó bá wọn lọ jẹun. Herbert àti Olúkẹ́mi ló kù nínú àgbàlá, pẹ̀lú òkìtì iṣu.

"Kẹ́mi, o ki ọwọ́ bọ àpò mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Níwájú òyìnbó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Herbert nu ojú. Ó tún ka rìsíìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan sí i. "Má pẹ́ dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wàá kọ́ àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń padà sẹ́nu géètì." Ó fọwọ́ tọ́ka sí ewúrẹ́. "Ṣùgbọ́n eléyìí, ta ló máa mú un lọ sílé?"

Olúkẹ́mi ti ń to iṣu tirẹ̀ sẹ́yìn ọ̀kadà tó ń lọ sí Ṣàpọ́n. Ó mú okùn ewúrẹ́, ó fi lé ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ̀yin ni bàbá ìyàwó, sà."