Àbúrò Ni Kí Wọ́n Gbé Lọ

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n gbé wọ ilé ìwòsàn kékeré náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Orí òrùlé tí wọ́n ń kan páànù sí ni wọ́n ti jọ já bọ́. Ẹ̀gbọ́n ń ké bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, ó rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àbúrò jókòó jẹ́jẹ́ ní tirẹ̀.

Ó ní, "Dókítà, ẹ bá mi sọ fún un kó rọra. Òrùlé kan tá a bà jẹ́ lónìí ti tó."

Dókítà, obìnrin tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ti di ọrùn ọwọ́ àbúrò mú. Iṣan ń sáré kíkankíkan, ara sì tutù.

"Ibo ló ń dùn yín?"

"Èjìká òsì nìkan ni. Èmi ò tiẹ̀ fi èjìká balẹ̀."

Dókítà tẹ ikùn rẹ̀ lábẹ́ ìhà òsì. Ni ẹ̀rín bá pòórá lẹ́nu ọkùnrin náà.

Obìnrin náà ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó pe ilé ìwòsàn ńlá: "Ẹnì kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ikùn ẹ̀, òun ló ń dùn ún dé èjìká. Ẹ ṣí yàrá iṣẹ́ abẹ sílẹ̀ dè é."

Ọkọ̀ aláìsàn kan ṣoṣo ló wà, ẹnì kan ló sì lè gbé; dókítà ní kí wọ́n fi gbé àbúrò. Ìyá wọn, tó tẹ̀ lé wọn wá, gbọ́, ó fò dìde.

"Ẹ ó fi ẹlẹ́sẹ̀ kíkán sílẹ̀, ẹ ó wá gbé ẹni tó ń ṣẹ̀fẹ̀ lọ?"

"Màmá, ẹsẹ̀ a máa dúró de ọkọ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í dúró."

"Tẹ́ ẹ bá ṣì í ńkọ́?"

"Á rin ìrìn àjò lásán, á padà wálé wá bú mi. Tí mo bá dá a dúró tí mo wá ṣì í, ta ló máa bú mi?"

Ẹ̀gbọ́n ṣàdédé dákẹ́ igbe. Ó ti ń wo àbúrò rẹ̀.

"Màámi, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Látìgbà tí wọ́n ti bí i, kò dákẹ́ tó báyìí rí."

Ìyá fi etí aṣọ nu òógùn ojú àbúrò, ó sì yà kúrò lọ́nà.

Dókítà ti di igi mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n tipẹ́, ilẹ̀ sì ti ń ṣú, nígbà tí fóònù dún. Wọ́n ti la ikùn àbúrò, wọ́n ti rí ojú ibi tó ya, ẹ̀jẹ̀ ti dá. Oníṣẹ́ abẹ ní ká ní wọ́n pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti bẹ́yìn yọ.

Nígbà tí ìyá gbọ́, ó fìdí lélẹ̀, ó ń dúpẹ́.

"Ọkọ̀ ti ń padà bọ̀, Màmá," dókítà wí. "Ẹ múra, kẹ́ ẹ bá ẹ̀gbọ́n lọ."