Wáyà Geesje

Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí Geesje ti ń so wáyà mọ́ kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́ ńlá kan, irú èyí tó ń fi wáyà ṣírò, nílùú Delft. Bí wọ́n bá ti gbé ìṣirò mìíràn dé, á tú gbogbo wáyà, á tún wọn so lọ́nà mìíràn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Wiebe ẹnjiníà yọjú.

"Mà, ẹ má bínú, ìṣirò àná la tún fẹ́."

"Èyí tẹ́ ẹ ní kí n tú láàárọ̀ yìí?" Geesje fìdí lé àga. "Ọwọ́ mi ò gbé e mọ́. Ẹ̀yin lẹ yàwòrán rẹ̀, ẹ so ó fúnra yín."

Wiebe rẹ́rìn-ín, ó bọ́ kóòtù, ó so gbogbo wáyà bí àwòrán ṣe wí gẹ́lẹ́. Ó tan ẹ̀rọ. Kàkà kí abẹ́rẹ́ tó ń ya èsì ìṣirò sórí bébà ya ìlà wọ́ọ́rọ́wọ́, ńṣe ló ń gbọ̀n rìrì.

"Ó ti bàjẹ́!"

"Kò bàjẹ́. Àròpọ̀ lẹ kọ sínú àwòrán yín níbi tó yẹ kẹ́ ẹ kọ àyọkúrò. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń bá yín tún un ṣe nídìí wáyà, nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá gbé e wá."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní kí n gbájú mọ́ wáyà mi."

Wiebe tẹ́ àwòrán náà síwájú Geesje. Ó na pẹ́ńsùlù rẹ̀ sí i kó bá òun tún un kọ.

"Ẹ kọ́kọ́ bá mi wá kọfí ná," ni Geesje wí.