Ọ̀pẹ Tó Wà Nínú Ọgbà Sukumaran

Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n báyìí tí Paily dúró níwájú gbogbo ìjọ Jọ́ọ̀jì Mímọ́, tó nàka sí òpó àsíá tó wó lulẹ̀ tó sì ṣẹ́ sí méjì, tó ní, "Igi jíjẹrà ni Sukumaran fún wa. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

Kò sẹ́ni tó bi Sukumaran léèrè. Ẹlẹ́sìn Híńdù ni, òun ló ń tan àtùpà tẹ́ńpìlì tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì náà. Síbẹ̀, láti ayé bàbá bàbá rẹ̀, ọgbà wọn ni àwọn Kristẹni ti ń gé ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gbé àsíá ọdún ró. Láti ọjọ́ náà, ọgbà Paily ni wọ́n ń lọ. Bí Sukumaran bá pàdé ọkùnrin náà lórí afárá, á yíjú sí odò bí ẹni ń ka ẹja. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ló ń wá. Ó fẹ́ kí Paily fi ẹnu tó fi bà á jẹ́ tún un ṣe.

Síbẹ̀ lọ́dọọdún, á yan ọ̀pẹ tó gún jù, á ro abẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Ta lò ń tọ́jú ẹ̀ fún?" ni Sarojini ìyàwó rẹ̀ máa ń bi í.

"Jọ́ọ̀jì Mímọ́. Òun kọ́ ló purọ́ mọ́ mi."

Lọ́dún yìí, ìjì wó gbogbo ọ̀pẹ Paily ku ọ̀la ọdún. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Fadá àti ọkùnrin mẹ́rin dé ẹnu ọ̀nà Sukumaran. Paily wà lẹ́yìn wọn, ó ń wo ilẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n," ni Fadá wí. "Ọ̀sán òní làsíá gbọ́dọ̀ gòkè."

Èsì ti wà lẹ́nu Sukumaran láti ọjọ́ pípẹ́: ẹ lọ bi ẹni tó mọ igi jíjẹrà. Ṣùgbọ́n ó rántí ọjọ́ Sunday tí iná mú òrùlé tẹ́ńpìlì, tí àwọn èèyàn wọ̀nyí pa ìsìn tì, tí wọ́n ń ru omi wá pa á tàwọn ti aṣọ ìsìn lọ́rùn. Ó wọlé lọ mú àáké.

Ó tan àtùpà kékeré sí ìdí ọ̀pẹ tó yàn lọ́dún yìí, ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ igi náà kó tó gé e. Fadá bọ́ bàtà, ó dúró jẹ́ẹ́ títí Sukumaran fi parí.

Nígbà tí igi wá sílẹ̀, Paily sún mọ́ ọn láti gbé e.

"Yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa o," ni Sukumaran wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn nìyẹn. "Kó má lọ jẹ́ pé ó ti jẹrà."

Paily bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti èjìká bọ abẹ́ igi. Sukumaran wà níwájú rẹ̀, ó ń gbọ́ bó ṣe ń mí títí wọ́n fi dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Èrò ti pé. Wọ́n gbé òpó náà dúró, wọ́n na okùn tó ń di òpó mú kó má wó sí Paily, nítorí òun ló máa ń so ó. Kò so ó. Ó mú un wá bá Sukumaran.

"Bá mi so ó."

"Kí ló ṣe ọwọ́ tìẹ?"

Paily yíjú sí àwọn èèyàn. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbọ́.

"Igi ọjọ́ yẹn ò jẹrà. Okùn tí mo so ló tú. Ojú tì mí, mo bá purọ́ mọ́ Sukumaran."