Afárá Tó Gba Àárín Ṣọ́ọ̀bù Kọjá

Iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin onígíláàsì kan tó ń fi gíláàsì sí fèrèsé gún régé, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀hún kò gbé e débì kan. Òdìkejì odò ni wọ́n ti ń ra gíláàsì, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń gbé e wá. Bí ìgbì bá ti gbá ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ báyìí, á gbọ́ "pẹ́ṣẹ́!" nínú àpótí, ọkàn tirẹ̀ náà á já. Nínú gíláàsì mẹ́wàá, bí méje bá gúnlẹ̀ láàyè, ọpẹ́ ni.

Bàbá wọn ló fi ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ fún òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù òdìkejì odò. Nígbà tí àwọn tó fẹ́ kọ́ afárá wá wọn ilẹ̀, àárín ṣọ́ọ̀bù gan-an ni òpó kan bọ́ sí. Wọ́n ní àwọn á fún wọn ní ilẹ̀ mìíràn lẹ́bàá ọ̀nà. Onígíláàsì fárígá.

"Ibi tí bàbá wa ti di ọwọ́ mi mú kọ́ mi níṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ ri òpó mọ́? Ká má rí i!"

"Àbúrò mi," ni nọ́ọ̀sì wí, "lọ́sẹ̀ tó kọjá, aláboyún kan rọbí sínú ọkọ̀ ojú omi, èmi nìkan ni mo gbẹ̀bí rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá. Bàbá wa ò ní bínú."

"Bàbá ló ránṣẹ́ sí yín látọ̀run ni?"

Orúkọ ẹ̀gbọ́n ló wà nínú ìwé ilẹ̀; ó buwọ́ lù ú fún àwọn tó fẹ́ kọ́ afárá. Fún odidi ọdún méjì tí wọ́n fi kọ́ afárá náà, ẹsẹ̀ àbúrò kò tẹ ilé rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá pàdé, "Ẹ káàsán mà" ló máa ń kí i, bí ẹni ń kí àlejò.

Wọ́n ṣí afárá. Lọ́jọ́ kẹta, awakọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ já àpótí gíláàsì sí ẹnu ṣọ́ọ̀bù tuntun tí onígíláàsì ṣí lẹ́bàá ọ̀nà. Onígíláàsì ṣí i, ó ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyá tó ń wò ó bóyá ìka ọmọ tuntun pé. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé! Ó jókòó tì wọ́n, ó tún wọn kà.

Kò pẹ́ tí àdúgbò fi yí padà. Búrẹ́dì tí wọ́n yan níhìn-ín ń gbóná dé òdìkejì odò. Àwọn tó ti ti ìsọ̀ pa padà wá ṣí i, kò sì sí ìsọ̀ tó ń ṣí tí kò fẹ́ fèrèsé. Onígíláàsì gba òṣìṣẹ́ mẹ́rin. Obìnrin kan nínú wọn yá lọ́wọ́ jù ú lọ; inú ọ̀gá dùn sí i, àmọ́ kò jẹ́ kó mọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọsibítù ní kó wá pààrọ̀ fèrèsé yàrá ìgbẹ̀bí. Ó ń tẹ gíláàsì mọ́ férémù nígbà tí mọ́tò kan já wọlé láti orí afárá. Wọ́n gbé aláboyún kan sọ̀kalẹ̀, ó ń ké, nọ́ọ̀sì sì sáré jáde pàdé rẹ̀. Kò ju wákàtí kan lọ, igbe ọmọ ta.

Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe jáde wá nu òógùn ojú, onígíláàsì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀.

"Dìde! O ò rí àfọ́kù gíláàsì nílẹ̀ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́. Ẹ rí ohun tí mi ò rí. Ilé mẹ́rin ló ń jẹun lábẹ́ mi lónìí, ìyá yẹn sì gbóhùn ọmọ rẹ̀. Ìbínú ló dí mi lójú. Ẹ foríjì mí."

Ẹ̀gbọ́n fà á dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ mi ńkọ́? Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ga tó mọ́."

Ní ọjọ́ Àìkú, onígíláàsì kó gbogbo wọn, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn gba orí afárá lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn ọmọ ń sáré níwájú, ìyá wọn ń kígbe pé kí wọ́n rọra. Òun ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń kí gbogbo ẹni tó bá pàdé.