Ọjọ́ Tí Mo Kọ̀ Láti Ju Rọ́bà Sílẹ̀

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ṣe rẹfirí họ́kì orí yìnyín fáwọn ọmọdé lágbègbè wa ní Saskatchewan, ní Kánádà. Orúnkún mi ò jẹ́ kí n gbàgbé. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, àwọn ọmọ ọdún méjìlá ló ń gbá a. Òfin ò gbà kí irú wọn máa fi ara kọlu ara wọn, àfi tí wọ́n bá dàgbà díẹ̀ sí i. Gbogbo òbí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn máa ń gbàgbé tí ayò bá ti dọ́gba.

Ayò dọ́gba, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Tenley, ọmọ Darcy, àbúrò mi tó jẹ́ kóòṣì ẹgbẹ́ wọn, kọjú sí pákó tó yí pápá ká, ó ń wá rọ́bà dúdú tí wọ́n ń gbá. Keegan, ọmọkùnrin gíga kan láti ẹgbẹ́ kejì, sáré bọ̀ lẹ́yìn, ó fi èjìká gbé e lu pákó. Mo gbọ́ bí àṣíborí rẹ̀ ṣe dún. Mo fọn fèrè, mo lé Keegan jáde.

"Rẹfirí, ṣé o fọ́jú ni?" Ìyá Keegan ló ń pariwo. "Ṣé kó kọ́kọ́ tọrọ àyè ni?"

Mo yíjú sí Tenley.

Tenley dìde fúnra rẹ̀, ó lọ jókòó. Kò pẹ́ tí mo tún rí i tó ń padà bọ̀ sórí yìnyín.

"Darcy, mú un kúrò."

"Ẹ̀gbọ́n, kò sóhun tó ṣe é. Ẹ bi í."

"Tenley, ọjọ́ wo la wà lónìí?"

Ó wo bàbá rẹ̀, ó wò mí. "Ọjọ́bọ̀."

"Ẹ̀ ń dẹ́rù bà á ni! Ẹ ju rọ́bà sílẹ̀, ká parí eré wa."

"Mi ò ní jù ú. Tó bá wù ẹ́, ká sùn síbí."

Eré ò lè tún bẹ̀rẹ̀ tí rẹfirí ò bá ju rọ́bà sílẹ̀ láàárín wọn, mo bá ki rọ́bà náà bọ àpò. Ariwo sọ. Ẹnì kan ní kí n lọ máa hun ìbọ̀sẹ̀ nílé.

"Dádì, iná yìí ń ta mí lójú," Tenley ní, ló bá bì. Darcy gbé e, ó bá ẹnu ọ̀nà jáde láìwẹ̀yìn.

Dókítà ní ọpọlọ rẹ̀ mì. Mo kọ ìwé lórí Keegan sí àjọ họ́kì, mo kọ ti àbúrò mi náà, torí ó fẹ́ dá ọmọ tó fara pa padà sórí yìnyín. Àjọ náà ní kí Darcy má darí eré méjì tó ń bọ̀.

"Ọmọ ìyá ẹ ni," màmá wa ní. "O ò lè mójú kúrò?"

"Mo ti mójú kúrò rí, Màmá. Ó ti sú mi."

Darcy ò pè mí mọ́. Nígbà tó di oṣù kẹta lẹ́yìn náà, Tenley pè mí fúnra rẹ̀, ó ní ṣé òun lè padà sórí yìnyín. Mo ní kó jẹ́ kí orí sinmi ná. Mi ò tiẹ̀ mọ èyí tí mo fẹ́, bóyá kó padà ni tàbí kó má padà mọ́.