Àpò Kòkó Tó Ń Rùn Bí Ọ̀dà

Mo lá àlá kan mọ́jú òní, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí alábẹ̀wò tó dé wo kòkó mi. Ẹ mọ̀ pé bí ó bá kọ̀ ọ́, ọdún kan gbáko ni n ó tún dúró kí wọ́n tó rán àmì ewé, àmì kòkó tó yege, mọ́ àpò mi.

Bàbá mi ló dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti pé ọdún méjìdínlógún tó ti kú, ṣùgbọ́n n kò bi í léèrè ìyẹn, nítorí n kò tíì fún un lómi mu. Àpò kòkó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mọ àpò náà. Àpò ọdún 1976 ni, èyí tí wọ́n dá padà ní ìsọ̀ oníkòkó nítorí pé ó ń rùn bí ọ̀dà. Èmi àti bàbá mi la jọ gbé e padà wálé, máìlì mẹ́rin, a sì sinmi lẹ́ẹ̀mẹsàn-án.

"Akínbọ̀dé," ni àpò náà wí, "gbé mi dìde. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti jókòó."

"Níbo là ń lọ?"

Bàbá mi ló dáhùn. "Mo gbọ́ pé àpò tó bá ti ní àmì ewé, ọjà gbogbo ayé ló ń wọ. A ó lọ gba tiwa."

Ọ́fíìsì àwọn tó ń fúnni ní àmì náà léfòó lókè igi kòkó. Okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí ẹni so ẹran. A fà á wálẹ̀, a wọlé. Akọ̀wé kan jókòó síbẹ̀ nínú kóòtù, ó fi gègé há etí. Kò kí wa.

"Ṣé ẹ pa igbó run kí ẹ tó gbin kòkó yìí?"

"Rárá o, sà. Mo dá ìrókò mẹ́ta sí," ni bàbá mi wí.

Ìrókò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀, wọ́n gba ojú fèrèsé wọlé. "Òótọ́ ni," ni wọ́n wí. "Ó tilẹ̀ máa ń kí wa láàárọ̀." Kò sí àga tó gbà wọ́n, wọ́n dúró.

"Ṣé ẹ kó ọmọ kúrò nílé ìwé wá sóko?"

Bàbá mi wò mí. "Kò kó mi kúrò, sà," ni mo wí. "Àpò tó padà yìí ló kó mi kúrò. Ilé ìwé alẹ́ ni mo ti wá parí rẹ̀."

Àpò náà wúkọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán mi létí."

"Níbo lẹ sá a sí?"

Bàbá mi wolẹ̀. Àpò ló tú u: "Ojú títì ọlọ́dà ni. Gbogbo èéfín lọ́rì ló wọ̀ mí nínú."

Akọ̀wé ki imú bọ ẹnu àpò. Bí ó ti ń gbóòórùn ni irùngbọ̀n ń hù ú, etí rẹ̀ gùn, ó sì di òbúkọ. Gègé ṣì wà létí rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Láti ìgbà tí kò ti kí wa ni mo ti fura. Ohun tó dùn mí ni pé òbúkọ tó ń jẹ ìwé, tó ń jẹ aṣọ, gbóòórùn kòkó bàbá mi, ó sì yíjú.

"Gbogbo ìlú ló ń sá a sójú títì nígbà náà!" ni mo wí.

"Bàbá yín ò ní ẹní tó lè sá a sí ni?" ni òbúkọ wí.

"Ó ní ẹyọ kan."

"Kí ló fi ṣe?"

Mo fẹ́ dáhùn, mo bá rí i pé orí ẹní náà ni mo dùbúlẹ̀ sí láàárín ọ́fíìsì, èmi àti àwọn àbúrò mi méjì, a ṣì kéré. Etí ẹní náà kan jó, níbi tí àtùpà ti ṣubú lù ú. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ tì mí. "Má dìde, Akínbọ̀dé. Ilẹ̀ tútù."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló wí lọ́dún náà. Ìyá mi ní kó fa ẹní lọ sá kòkó, ó ní rárá, àwọn ọmọ ń wúkọ́.

"Bàámi," ni mo wí, "mo ti dàgbà." Mo yí lọ sílẹ̀, àwọn àbúrò mi tẹ̀lé mi.

Ó tẹ́ ẹní, ó da kòkó lé e. Oòrùn wọlé, ó jókòó. Òbúkọ tọ́ ẹyọ kan wò, ó tọ́ ìkejì, ó yọ abẹ́rẹ́, ó rán àmì ewé mọ́ àpò. Àpò dìde, ó gbọn ìdí rẹ̀ nù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn lórí òkun. Àwọn ará òdìkejì ń pariwo pé, "Kòkó oko ta ni?"

"Oko Fálọ́wọ̀!" ni àpò ń dá wọn lóhùn. "Lábẹ́ ìrókò mẹ́ta!"

Orúkọ bàbá mi nìyẹn. Láyé rẹ̀, wọn a da kòkó rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni kì í béèrè oko tó ti wá. Ó ń juwọ́ sí àpò náà. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn án, ni òtútù mú mi.

Mo jí. Orí sìmẹ́ńtì lásán ni mo wà. Ẹní tí mo tẹ́ sùn nítorí ooru ti lọ lábẹ́ mi.

"Ìyá Adébọ́nà, ẹní mi dà?"

Ìyàwó mi dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé. "Mo ti tẹ́ ẹ sórí pẹpẹ oparun láti sá kòkó! Àwọn yòókù ti kún fún kòkó, alábẹ̀wò ń bọ̀, ẹ sì ń hanrun. Ẹ wá bá mi lé òbúkọ yìí o!"

Mo jáde. Òbúkọ aládùúgbò wa ti fi orí bọ àárín kòkó wa, ó ń jẹ ẹ́, ó ń dijú.

"Kí lẹ dúró wò?" ni ìyàwó mi wí.

"Dákẹ́ ná," ni mo wí. "Jẹ́ kó jẹ ẹyọ kan sí i."